Ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà

Ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ọ́fíìsì lọ́yà, jẹ́ ibi iṣẹ́ tí agbẹjọ́rò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn lórí òfin, tí wọ́n ti ń kọ ìwé àdéhùn, tí wọ́n sì ti ń múra ẹjọ́ tí wọn yóò rò níwájú adájọ́. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, iṣẹ́ yìí fìdí múlẹ̀ ní Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lẹ́yìn náà ni ó gbilẹ̀ ní Ìbàdàn, kí ó tó tàn dé Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti àwọn ìlú Àkókó bí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ní ọdún 1948 ni àwọn agbẹjọ́rò Yorùbá mẹ́ta dá Thomas, Williams àti Kayode sílẹ̀, èyí tí a kà sí ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò alájọṣepọ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ fúnra wọn.

Ìtumọ̀ àti ètò

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ń rojọ́ níwájú adájọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń gba oníbàárà lálejò, tí ó sì ń kọ ìwé ilẹ̀, ìwé ogún àti ìwé àdéhùn. Ní Nàìjíríà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbà wọlé sí iṣẹ́ òfin ní ẹ̀tọ́ láti ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Nítorí èyí, agbẹjọ́rò kan náà lè kọ ìwé ìtajà ilẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó gba ìdúró fún afurasí ní ọ̀sán, kí ó sì jókòó ti mọ̀lẹ́bí tí ń jà sí ogún ní ìrọ̀lẹ́. Ètò yìí ni ó mú kí ó ṣeé ṣe fún ọ́fíìsì kékeré kan láti sin ìlú tí kò tóbi.

Oríṣi ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ti ẹni kan ṣoṣo tí ó dá a sílẹ̀, tí ó sì lè gba àwọn agbẹjọ́rò kékeré síṣẹ́ lábẹ́ ara rẹ̀. Èkejì ni ti alájọṣepọ̀, níbi tí agbẹjọ́rò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti jọ ni iṣẹ́, tí wọ́n jọ ń pín èrè, tí wọ́n sì jọ ń ru gbèsè. Ìlànà ìwà àwọn agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà kò gba agbẹjọ́rò láyè láti bá ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò dá irú àjọṣepọ̀ yìí sílẹ̀. Láàrin àwọn agbẹjọ́rò, ọdún tí a gba ènìyàn wọlé sí iṣẹ́ ni a fi ń mọ àgbà, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ní Èkó

Kí òfin Gẹ̀ẹ́sì tó dé, ààfin ọba, ilé ìjòyè àti ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ni àwọn Yorùbá ti ń yanjú ẹjọ́. Olúkúlùkù ni ó ń rojọ́ ara rẹ̀, tàbí kí olórí ẹbí rẹ̀ bá a rò ó. Ìlànà pàtàkì kan tí wọ́n dì mú ni pé a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì. Èyí ni òwe tí ó ní agbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni, ń tọ́ka sí.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861. Ní ọdún 1876, wọ́n ṣe òfin tí ó dá Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sílẹ̀ fún Gold Coast àti Èkó, tí ó sì ṣètò iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Nítorí pé àwọn tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ òfin kò tó nǹkan nígbà náà, òfin yìí fún olórí adájọ́ láyè láti fún àwọn tí wọ́n mọ̀wé, tí wọ́n sì ní òye díẹ̀ nípa òfin Gẹ̀ẹ́sì, ní ìwé àṣẹ fún oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá àwọn ará Èkó rojọ́.

Christopher Alexander Sapara Williams ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò tí ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè. Wọ́n bí i ní ọdún 1855 ní Sierra Leone, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà ni ìran rẹ̀. Inner Temple ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á wọlé sí iṣẹ́ òfin ní ọdún 1879, ó sì forúkọ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1888. Ó wà nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láti ọdún 1901 títí di ọdún 1915 tí ó kú. Obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó di agbẹjọ́rò ni Stella Thomas, tí a gbà wọlé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1933. Ó ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Èkó, ó sì di májísíréètì ní ọdún 1943.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó fi ìwúlò agbẹjọ́rò hàn jù lọ ní àkókò yìí. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ní Àpápá, ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdájọ́ ọdún 1921 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdílé àti ìlú ni wọ́n ni ilẹ̀, àti pé bí ìjọba bá gbà á, ó gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀.

Àkókò tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ agbẹjọ́rò (1914–1933)

Ohun tí Èkó ní, àwọn ìlú inú ilẹ̀ kò ní i. Nígbà tí Lugard da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní ọdún 1914, ó dá àwọn ilé-ẹjọ́ ẹkùn-ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Òfin tí ó gbé wọn kalẹ̀ kò gba agbẹjọ́rò láyè láti rojọ́ níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ amúnisìn fúnra wọn ni adájọ́, nítorí náà ẹni tí ó ń pàṣẹ náà ni ó ń dájọ́. Èrò Lugard ni pé àwọn agbẹjọ́rò ń dá ìjà ilẹ̀ sílẹ̀ láàrin àwọn ará ìlú. Àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn ìwé ìròyìn Èkó takò ó gidigidi.

Ilẹ̀ Àkókó, tí ó wà nínú Ẹkùn-ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ ìṣàkóso Ọ̀wọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wà lára àwọn ibi tí òfin yìí kàn. Àgbẹ̀ tí ó bá ní ẹjọ́ kò ní ẹni tí yóò bá a tú òfin wò. Àwọn akọ̀wé tí ń gbowó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá tọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn akọ̀wé náà kò kẹ́kọ̀ọ́ òfin.

Ní ọdún 1933, àtúnṣe òfin fagi lé àwọn ilé-ẹjọ́ ẹkùn-ìpínlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga àti ilé-ẹjọ́ májísíréètì rọ́pò wọn, agbẹjọ́rò sì ní ẹ̀tọ́ láti rojọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ ṣì wà ní títì mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn agbẹjọ́rò fi pọ̀ sí Èkó àti àwọn ìlú ńlá, tí àwọn ìlú kékeré sì dúró pẹ́ kí wọ́n tó ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kankan.

Thomas, Williams àti Kayode (1948)

Títí di ìparí àwọn ọdún 1940, ẹni kọ̀ọ̀kan ni àwọn agbẹjọ́rò ọmọ Nàìjíríà ń dá ṣiṣẹ́. Bí agbẹjọ́rò bá ṣàìsàn, ẹjọ́ oníbàárà dúró. Bí ó bá kú, iṣẹ́ náà sábà máa ń bá a kú. Àwọn ilé-iṣẹ́ alájọṣepọ̀ tí ó wà nígbà náà jẹ́ ti àwọn òyìnbó, bíi Irving and Bonnar, ọwọ́ wọn sì ni iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òwò ńlá sábà máa ń wà.

Ní ọdún 1948, Bọ̀dé Thomas, Rótìmí Williams àti Rẹ̀mí Fani-Kayode pa iṣẹ́ wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ Thomas, Williams àti Kayode. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gba Thomas wọlé sí iṣẹ́ òfin ní ọdún 1942. Williams, tí wọ́n bí ní ọdún 1920, tí bàbá rẹ̀ náà sì jẹ́ agbẹjọ́rò, kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, ó sì di agbẹjọ́rò ní ọdún 1943. Fani-Kayode, ọmọ Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n bí ní ọdún 1921, kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge bákan náà. Bàbá rẹ̀, Adédàpọ̀ Kayode, jẹ́ agbẹjọ́rò tí ó di adájọ́.

Àkókò tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ṣe pàtàkì. Ìjọba amúnisìn ti ń fi àyè sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ará ìlú sì nílò àwọn tí yóò kọ òfin ẹgbẹ́, tí yóò gbèjà ìwé ìròyìn, tí yóò sì dúró fún àwọn ìdílé olóyè. Iṣẹ́ òfin àti ìṣèlú kò jìnnà sí ara wọn. Thomas ni agbẹjọ́rò Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, ó wà lára àwọn tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Action Group sílẹ̀, ó sì di mínísítà ìrìnnà ní ìjọba àpapọ̀. Williams di mínísítà àti agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Fani-Kayode ni ó dá àbá kan kalẹ̀ ní ilé aṣòfin àpapọ̀ ní ọdún 1958 lórí òmìnira Nàìjíríà, ó sì di igbákejì olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1963.

Ohun tí ó gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ga ni ó tún mú un ṣòro láti wà pẹ́. Thomas kú ní ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá ọdún 1953, ní ìgbà èwe rẹ̀. Ìṣèlú gbé àwọn méjì tí ó kù gba ọ̀nà ọ̀tọ̀, nítorí Fani-Kayode fi Action Group sílẹ̀. Rótìmí Williams tẹ̀síwájú nínú ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Ní ọdún 1975, òun àti Nabo Graham-Douglas ni wọ́n kọ́kọ́ gba oyè Agbẹjọ́rò Àgbà ti Nàìjíríà tí a mọ̀ sí SAN. Ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ àbá òfin-ìpìlẹ̀ ní ọdún 1975 sí 1976, ó sì kú ní ọdún 2005.

Lára àwọn ẹjọ́ tí a fi ń rántí Williams ni ti Lákànmí àti Kíkẹ́lọmọ Ọlá lòdì sí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ pe ìjọba ológun lẹ́jọ́ nítorí dúkìá tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá wọn láre. Láìpẹ́, ìjọba ológun ṣe òfin tuntun, Òfin kejìdínlọ́gbọ̀n ọdún 1970, tí ó sọ ìdájọ́ náà di asán. Ẹjọ́ yìí fi hàn pé agbẹjọ́rò lè borí ní ilé-ẹjọ́, kí agbára ìjọba sì gba ìṣẹ́gun náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin ọdún 1962 àti ìtànkálẹ̀ ẹ̀kọ́

Títí di òmìnira, ìlú òyìnbó ni ẹni tí ó bá fẹ́ di agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ lọ. Owó ọkọ̀ ojú omi àti ti ilé ẹ̀kọ́ mú kí iṣẹ́ náà jẹ́ ti àwọn ọmọ olówó, tàbí ti ẹni tí ìlú bá dáwó jọ fún. Ní ọdún 1962, ìjọba ṣe òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀, Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní àkókò kan náà, Yunifásítì Ifẹ̀ àti Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ìmọ̀ òfin.

Àbájáde èyí ni pé iye agbẹjọ́rò pọ̀ sí i, ọmọ àgbẹ̀ sì lè di agbẹjọ́rò láìkúrò ní Nàìjíríà. Ibi tí òǹkà wọn ti pọ̀ ni ó jẹ́ kí àwọn kan padà sí ìlú wọn láti ṣí ọ́fíìsì.

Ìbàdàn: láti ọ́fíìsì kékeré sí ilé-iṣẹ́ ńlá

Ìbàdàn ni olú-ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, níbẹ̀ sì ni ilé-ẹjọ́ gíga ẹkùn náà fìkàlẹ̀ sí lẹ́yìn tí òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1954 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ètò ìdájọ́ tirẹ̀. Ẹjọ́ láti Èkìtì, Oǹdó àti Àkókó ń ti ibi jíjìn wá síbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ọmọ apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá fi ń ṣí ọ́fíìsì ní Ìbàdàn.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jù ni ti Afẹ́ Babalọlá, tí wọ́n bí ní Adó-Èkìtì ní ọdún 1929. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Emmanuel ní Adó-Èkìtì ni ó lọ. Láti ibẹ̀, ó fi ìwé kíkà ti ara rẹ̀ ṣe àwọn ìdánwò tí ó tẹ̀lé e, títí tí ó fi gba oyè nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé àti òfin ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ó di agbẹjọ́rò ní ọdún 1963, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Olú Ayọ̀ọlá ní Ìbàdàn, ó sì dá Afe Babalola & Co. sílẹ̀ ní ọdún 1965. Emmanuel ni orúkọ tí a mọ ọ́fíìsì náà sí. Ó gba oyè SAN ní ọdún 1987. Ilé-iṣẹ́ náà kúrò ní ọ́fíìsì ẹni kan ṣoṣo, ó sì ní ẹ̀ka ní Èkó àti Àbújá. Òun ni ó ṣáájú àwọn agbẹjọ́rò Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ nínú ẹjọ́ ìdìbò ọdún 2003 tí ó parí ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọdún 2005. Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò tí ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ti di SAN àti adájọ́. Ní ọdún 2009, Babalọlá dá yunifásítì tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni Olujinmi & Akeredolu, tí ó jẹ́ ti alájọṣepọ̀. Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, ṣe ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà láti ọdún 2008 sí 2010, ó sì di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 2017 títí tí ó fi kú ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Akin Olujinmi ṣe agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 2003 sí 2005. Nítorí pé ẹni méjì ni ó ni ilé-iṣẹ́ náà, bí ọ̀kan bá lọ sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, èkejì lè máa bá ẹjọ́ lọ. Ìwúlò àjọṣepọ̀ tí àwọn ti ọdún 1948 rí nìyí.

Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù kejì ọdún 1976, ilé-ẹjọ́ gíga súnmọ́ ilé. Àkúrẹ́ ni olú-ìlú, ilé-ẹjọ́ gíga sì ń jókòó ní Ìkàrẹ́ pẹ̀lú. Ìkàrẹ́ ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn Àkókó, Ọ̀kà sì ni ti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó. Níbi tí ilé-ẹjọ́ bá wà ni ọ́fíìsì agbẹjọ́rò sábà máa ń wà.

Iṣẹ́ tí ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn agbẹjọ́rò ní agbègbè yìí kò yàtọ̀ sí bí ìgbé-ayé àwọn ènìyàn ṣe rí. Oko kòkó àti ààlà ilẹ̀ ń fa ẹjọ́ láàrin ẹbí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ nílò ìwé tí ó péye. Ọ̀rọ̀ oyè náà wà níbẹ̀. Àríyànjiyàn tí ó ti pẹ́ láàrin ipò Olúkàrẹ́ àti ti Ọwá-Àlẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ti dé iwájú ìjọba àti ilé-ẹjọ́. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìtàn ẹnu àwọn àgbà ni ẹ̀rí, iṣẹ́ agbẹjọ́rò sì ni láti sọ ìtàn náà di ohun tí adájọ́ lè gbé yẹ̀ wò.

Èdè jẹ́ ìṣòro kan tí ó hàn ní Àkókó ju ibòmíràn lọ. Yàtọ̀ sí Yorùbá àti àwọn ẹ̀ka èdè rẹ̀, àwọn èdè bíi Àrìgìdì, Ukaan àti Akpes wà ní agbègbè náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni ilé-ẹjọ́ gíga fi ń kọ àkọsílẹ̀. Abala kẹrìndínlógójì òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbifọ̀ láìsan owó bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Abala náà tún fún un ní ẹ̀tọ́ láti yan agbẹjọ́rò tí ó bá wù ú. Agbẹjọ́rò tí ó gbọ́ èdè oníbàárà rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ògbifọ̀ lè fò.

Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, tí ó wà ní Àkùngbá lójú ọ̀nà tí ó so Ìkàrẹ́ mọ́ Ọ̀kà, ní ẹ̀ka ìmọ̀ òfin. Ìpínlẹ̀ náà gbé yunifásítì yìí kalẹ̀ sí Àkùngbá ní ìparí ọdún 1999, lẹ́yìn tí Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ ní ọdún 1996. Ibi tí òfin ọdún 1914 ti kọ agbẹjọ́rò sílẹ̀ ti di ibi tí a ti ń kọ́ wọn.

Àwọn ìpèníjà

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ti àrólé. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní àwọn ìlú kékeré ṣì jẹ́ ti ẹni kan ṣoṣo. Ẹjọ́ ilẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún láti ilé-ẹjọ́ gíga dé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àti Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Bí agbẹjọ́rò bá kú láàrin rẹ̀, ìwé ẹjọ́ lè sọnù, oníbàárà yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni owó. Ìjọba dá Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin sílẹ̀ ní ọdún 1976 láti bá àwọn tí kò lówó rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó wà ní ìletò jíjìn kì í sábà mọ̀ pé irú àjọ bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹ̀kẹta ni ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn. Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ìdílé fẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ ní ààfin tàbí níwájú àwọn àgbà. Àwọn agbẹjọ́rò náà mọ èyí. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn ni kíkọ àdéhùn tí kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé kóòtù rárá, bí ìwé ìhágún tí ó ṣe kedere àti ìwé ilẹ̀ tí a fi ààlà sí.